Ìyá Kékeré Kọ̀, Kò Dúró

Ìyá ni ó kọ́kọ́ pe alùpùpù Bàbá ní orogún òun. Nígbà tí Bàbá ṣì ń fi alùpùpù náà pín lẹ́tà káàkiri ìlú, kò sí òwúrọ̀ kan tí kì í fi àkísà rírọ̀ nù ún láti orí dé ẹsẹ̀ kí ó tó rántí pé aya òun pàápàá ti jí. "Ẹ bá mi kí i," ni Ìyá máa ń wí, "ẹ bi í bóyá ó sùn dáadáa." Bí àwọn ọmọ ilé náà méjèèjì ṣe dàgbà tí wọ́n ń pe alùpùpù ní Ìyá Kékeré nìyẹn, wọn kò sì rí ohun ẹ̀rín kankan nínú rẹ̀.

Nígbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, Ìyá Kékeré náà fẹ̀yìn ti ògiri nínú ilé ọkọ̀. Ọdún gorí ọdún. Ìpẹtà bò ó. Eku bímọ sínú sàlẹ́ńsà rẹ̀. Agbọ́n fi amọ̀ kọ́lé sínú iná iwájú. Adìẹ kan sì wà tí ó gbà pé nítorí ẹyin òun ni a ṣe dá ìjókòó rẹ̀ sáyé. Kò sí ẹni tí ó tún bi í bóyá ó sùn dáadáa, títí di ọjọ́ tí èyí ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ náà ra fírísà.

Ẹ̀gbọ́n yìí ni gbogbo òpópónà ń pè ní Yìnyín, nítorí yìnyín àti omi tútù ni ó ń tà. Fírísà tí ó rà tóbi tó pósí òmìrán. Kò gba ẹnu ọ̀nà yàrá kankan wọlé, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí gbogbo ará ilé fi ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn kọjá bí alákàn. Ilé ọkọ̀ nìkan ni àyè tí ó lè gbà á.

"Ẹ jẹ́ kí onírin àlòkù wá kó irin yẹn lọ," ni Yìnyín wí.

"Irin wo?" ni àbúrò rẹ̀ obìnrin béèrè. "Ẹ̀gbọ́n, ìyá yín lẹ fẹ́ tà?"

"Ìyá mi ló jókòó síbẹ̀ yẹn."

"Ìyá Kékeré wá ńkọ́? Ẹ gbọ́ pé ara rẹ̀ ò yá, ẹ ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ààtàn? Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́ o!"

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe àbúrò náà. Aránṣọ ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tí ó rántí èyí tí ó bí orúkọ náà. Yìnyín ni Bàbá kọ́ ní alùpùpù gígùn nígbà èwe wọn. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń gbé Abẹ́rẹ́ sí, tí ó fi jẹ́ pé gbogbo ohun tí ó mọ̀ nípa ìrìn àjò kò ju ẹ̀yìn ẹ̀wù Bàbá lọ. Nígbà tí ó dàgbà, ó fi alùpùpù oníbàárà rẹ̀ kan kọ́ ara rẹ̀. Ohun tí ó kù tí ó ń fẹ́ ni kí ó jókòó sí iwájú Ìyá Kékeré, kí ó máa fi í gbé aṣọ lọ fún àwọn tí ó ní aṣọ, kí afẹ́fẹ́ sì máa fẹ́ òun náà lójú.

Bàbá gbọ́ ẹjọ́ tọ̀tún tòsì lórí àga rẹ̀ níwájú ilé, ó sì dá a.

"Abẹ́rẹ́, tún un ṣe. Lọ́jọ́ tó o bá parí, kó gbé èèyàn méjì yí òpópónà yìí ká, kó padà, kó sì dúró níwájú àga mi níbí. Kí ẹnikẹ́ni má tì í o. Tó bá ṣe é, tìẹ ni. Tí ò bá ṣe é, kí onírin máa gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an."

"Ta ló máa jẹ́ ẹnì kejì, Bàbá?"

"Èmi ni," ni Yìnyín dáhùn wéré. "Mi ò fẹ́ màgòmágó."

"Ẹ jẹun díẹ̀ o," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Òfin ní èèyàn méjì, kò ní mẹ́ta."

Abẹ́rẹ́ kò mọ ọ̀nà iṣẹ́ mìíràn ju ti aránṣọ lọ, ó sì fi ti aránṣọ ṣe é. Ó tẹ́ aṣọ ibùsùn àtijọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ọkọ̀. Ohunkóhun tí ó bá tú kúrò lára Ìyá Kékeré, a máa gbé e lé orí aṣọ náà, a máa fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń ya apá ẹ̀wù. Ẹni tí ó bá yọjú wọlé yóò rò pé ó fẹ́ dá aṣọ fún ẹbọra onírin kan ni. Ó rẹ àwọn nọ́ọ̀tì sínú epo òyìnbó títí wọ́n fi jẹ́wọ́. Ó fi sáńpépà họ ìpẹtà títí ó fi bá àwọ̀ pupa tí ó ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ó bẹ agbọ́n, agbọ́n kò gbọ́; ó fi èéfín bá a sọ̀rọ̀, ó gbọ́. Ó rán awọ tuntun bo ìjókòó, okùn méjì-méjì, ó sì fún adìẹ ní apẹ̀rẹ̀ tí ó tẹ́ àkísà sí, adìẹ sì fi ọjọ́ méjì bá a yan odì.

"Kékeré labẹ́rẹ́," ni Ìyá ń wí fún ẹni gbogbo tí ó bá ń kọjá, "kì í ṣe mímì fádìẹ!"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó fẹ́ to kábúrétọ̀ tí ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo pọ̀, inú Abẹ́rẹ́ dùn dé ibi pé ó tú maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ náà fún fífọ̀, ó sì kó o lé orí aṣọ kan náà. Sípíríǹgì méjì wá sùn ti ara wọn bí ìbejì: èyí tí ó ń tẹ ẹsẹ̀ maṣíìnì mọ́ aṣọ, èyí tí ó sì ń dá iná alùpùpù, ìyẹn ibi tí a ń fọwọ́ fà fún eré, padà bí a bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ń kọrin. Ó nawọ́, ó mú ọ̀kan, kò sì wo ojú ìkejì.

Nígbà tí ọjọ́ pé, onírin àlòkù ti gbé ọmọlanke rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé láti ìdájí, ó sì jókòó lé e bí ọkọ ìyàwó tí ń dúró de ìyàwó rẹ̀. Bàbá wà lórí àga. Ìyá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti ń rẹ́rìn-ín kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Abẹ́rẹ́ gun iwájú, Yìnyín gun ẹ̀yìn, sípíríǹgì ìsàlẹ̀ sì kérora.

Abẹ́rẹ́ ta á nípàá. Kò fọhùn. Ó tún ta á. Ó wúkọ́. Ó ta á lẹ́ẹ̀kẹta.

"Pù," ni Ìyá Kékeré wí. "Pù-pù. Pùpùpùpùpù!"

Èéfín dúdú tú jáde, eku kan tí ìròyìn kò tí ì kàn sì fò jáde láti abẹ́ ìjókòó, ó gba ẹsẹ̀ onírin àlòkù kọjá. Ìyá pàtẹ́wọ́. "Ohùn ẹ̀ nìyẹn! Aláriwo! Mo gbọ́ ọ, orogún mi!"

Òpópónà wọn rí roboto bí ẹnu ìkòkò, ó sì yí pápá kékeré kan ká. Wọ́n rìn jẹ́jẹ́ kọjá ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà. Afẹ́fẹ́ fẹ́ Abẹ́rẹ́ lójú, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu, kò sì mọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí hó bí ọmọdé. Báyìí ni wọ́n ṣe dé iwájú ilé Tíṣà, ní òdìkejì pápá.

Tíṣà ni obìnrin àgbà tí ó kọ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ní ìwé. Kò tí ì dárí ji ẹnikẹ́ni tí ó kọjá láìkí i. Orúnkún Abẹ́rẹ́ kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀: ó tẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ọmọ tí a kọ́. Ara rẹ̀ lọ sílẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún sì bá ara lọ, ó fa iná dé òpin.

"Ẹ kú ìjókòó, mà!"

Iná lọ, kò bọ̀. Ìyá Kékeré ké, ó sì fò síwájú.

"Abẹ́rẹ́! Dín in kù!"

"Ó ń kọ̀, ẹ̀gbọ́n!"

"Kí ló ń kọ̀?"

"Iná ni! Yéè! Sípíríǹgì maṣíìnì mi ni mo fi sínú ẹ̀! Kò lágbára tó o! Abájọ tí maṣíìnì yẹn fi ń di aṣọ mú látàná bí ọlọ́pàá tó mú olè!"

"Ṣé maṣíìnì ìránṣọ ni mo wá jókòó lé ni?"

"Ẹ di mí mú!"

Wọ́n yọ sí Bàbá. Bàbá gbé ọwọ́ sókè láti gba àlejò. Ọwọ́ náà kò tí ì dé òkè tí àlejò fi kọjá. Àjànàkú kì í ṣe ohun tí a ń rí fìrí, ṣùgbọ́n fìrí náà ni Bàbá rí. Gbẹ́nàgbẹ́nà, tí ó gbé pákó dábùú ọ̀nà, wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan ó sì gbé pákó àti ara rẹ̀ sínú gọ́tà. Wọ́n tún yọ sí Tíṣà, tí ó ti ní ìdáhùn lẹ́nu láti ìgbà àkọ́kọ́.

"Mo ní ẹ kú ìrìn o! Bàbá yín ńkọ́?"

Ìgbà tí wọ́n tún yí dé ni Abẹ́rẹ́ rí àyè fèsì. "Wọ́n wà, mà!"

"Ìyá yín náà ńkọ́?"

Wọ́n yí. "Àwọn náà wà, mà!" Yìnyín, tí kò rí ilẹ̀ dọ̀bálẹ̀ sí, dọ̀bálẹ̀ sí ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀.

"Ṣé ẹ ò lè dúró kí èèyàn dáadáa ni?"

Wọ́n yí. "Kò sí bá a ṣe fẹ́ dúró, mà!"

"Ta ló kọ́ yín nírú ìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, mà!" ni Yìnyín kígbe, ẹ̀rín sì gbé e. Ẹ̀rín náà kò jọ ti ọkùnrin onífírísà. Ti ọmọ tí ó jí alùpùpù bàbá rẹ̀ gùn ni.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ń ba Abẹ́rẹ́. Bí ó bá tẹ bíréèkì, bíréèkì àti iná a máa bá ara wọn jà. Bí ó bá fún kílọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnnì yóò ké lásán títí pisítìnnì tuntun yóò fi fọ́. Títi epo pa nìkan ni a lè fi pa ẹnu rẹ̀ dé, òun kò sì lè fi ọwọ́ kankan sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ nawọ́ sábẹ́ táǹkì lápá òsì! Nǹkan kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń ti epo pa!"

Ó rí ọwọ́ ńlá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó gba ẹ̀gbẹ́ orúnkún rẹ̀ kọjá, tí ó wá a, tí ó sì dì í mú. Ìgbà yẹn ni ó wá yé Abẹ́rẹ́. Àwọn méjèèjì ń súnmọ́ ilé Tíṣà. Bí ọwọ́ yẹn bá yí níbí, Ìyá Kékeré yóò kú sí òdìkejì pápá, ó jìnnà réré sí àga Bàbá. Ọmọlanke yóò wá gbé e, fírísà yóò sì wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sì sí màgòmágó kankan nínú rẹ̀.

"Níbo ni kí n ti ti epo pa," ni Yìnyín pariwo sí i létí, "tó fi máa lè gbé wa dé ọ̀dọ̀ Bàbá?"

Abẹ́rẹ́ gbé e lé ìwọ̀n kíákíá, bí ẹni tí ó ń fi àyè sílẹ̀ fún ìṣẹ́po aṣọ: epo tí ó kù nínú kábúrétọ̀ kò ní ṣàìgbé wọn rìn díẹ̀.

"Tá a bá ti kọjá Tíṣà, ní kànga tó wà láàárín ilé wọn sí tiwa!"

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká yí i lẹ́ẹ̀kan sí i ná!"

"Ẹ̀gbọ́n!"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré, Abẹ́rẹ́, mo bẹ̀ ẹ́!"

Wọ́n yí i lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn méjèèjì ń hó, Tíṣà sì ti dìde dúró, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ juwọ́ sí wọn láìmọ̀. Nígbà tí wọ́n kọjá Tíṣà, ní kànga gan-an, Yìnyín yí ọwọ́. Ìyá Kékeré sáré, ó wúkọ́, ó rò ó, ó tún wúkọ́. Pùpùpù di pù-pù. Pù-pù di pù. Àga Bàbá ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó sì ku bí ọ̀pá aṣọ mẹ́ta nígbà tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́ tí táyà sì ń wá ibi tí yóò sinmi.

"Ó ti tán!" ni onírin àlòkù kígbe, ó fò sílẹ̀ lórí ọmọlanke.

Yìnyín kò sọ̀ kalẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi wọ́n wa ilẹ̀ bí ẹni tí ń wa ọkọ̀ ojú omi, bàtà rẹ̀ ń ha, òógùn bò ó.

"Ó ń tì í! Ẹ wò ó, ó ń tì í!"

"Ta ló ń tì í?" ni Yìnyín wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹrù ni mí. Níbo lo ti rí ẹrù tó ń ti ọkọ̀?"

Táyà iwájú kan ìka ẹsẹ̀ Bàbá, ó sì dúró.

Bàbá wo táyà. Ó wo Yìnyín, ẹni tí ó gbé ẹjọ́ wá, tí ó sì ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ba ẹjọ́ náà jẹ́.

"Bàbá, mo rí ẹsẹ̀ o," ni onírin wí.

"O lójú. Èmi ò rí i. Ìyá àwọn ọmọ, ìwọ ńkọ́?"

"Orogún mi dúró," ni Ìyá dáhùn, ó ń fi ìró rẹ̀ nu omi ẹ̀rín lójú. "Ohun tí èmi rí nìyẹn."

"Abẹ́rẹ́, tìẹ ni."

Abẹ́rẹ́ fi orí lé táǹkì gbígbóná náà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Lọ pààrọ̀ sípíríǹgì yẹn, kí á máa lọ," ni Yìnyín wí lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí ẹ̀yin ta ni máa lọ?" ni Bàbá bi í. "Bọ́ sílẹ̀, ó kàn mí."

"Ó kàn yín bí ti báwo?" Ìyá ti dìde. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gùn ún títí tẹ́ ẹ fi fẹ̀yìn tì! Èmi tí mi ò gùn ún rí ńkọ́?"

Abẹ́rẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ sínú ìjà náà, ó sáré wọlé lọ tú maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀.