Kámẹ́rà Olójú Méjì

Ká má parọ́, Ìyá Onífọ́tò ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀. Kámẹ́rà rẹ̀ àtijọ́ ní ojú méjì: ti òkè ni èèyàn fi ń wòran, ti ìsàlẹ̀ ló ń gbé àwòrán sínú fíìmù. Arúgbó ṣí ti òkè, ó gbàgbé ọmọrí sójú ti ìsàlẹ̀, ó wá ń ya ìgbéyàwó ọmọọmọ rẹ̀ ní kóòtù títí tí wọ́n fi wọ òrùka fún ara wọn. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń yí fíìmù, ó ń rọra jùdí lẹ́yìn àga bí ẹni pé òun gan-an ni ìyàwó. Òkùnkùn biribiri ló ń yà.

Ìgbà tó fẹ́ pààrọ̀ fíìmù ni ọwọ́ rẹ̀ kan ọmọrí. Ẹ̀rín pa á, ó di ògiri mú.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, bàbá ìyàwó, kò fẹ́ kó ya fọ́tò rárá. Ó ní inú gbọ̀ngàn náà ṣú jù, kí ìyá òun jókòó kí wọ́n máa kí i bí àwọn ìyá yòókù. Ìyàwó ló yarí. Kò fẹ́ fọ́tò fóònù, kò fẹ́ iná kámẹ́rà tí ń bù yẹ̀rì síni lójú. Irú èyí tó wà ní pálọ̀ ìyá àgbà ló fẹ́, tí ojú èèyàn ń yọ nínú òkùnkùn bí oṣù. Nítorí náà, kò sí ẹlòmíràn tó ya òrùka yẹn.

Ọmọ rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó ní kó dákẹ́, kó wá sọ tó bá yá pé fíìmù ló bàjẹ́. Akọ̀wé ìgbéyàwó ti ń palẹ̀ mọ́, tọkọtaya mìíràn ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Irọ́ yẹn ló bí ìyá nínú. Ó gbé ọmọrí sókè kí gbogbo wọn rí i.

"Èmi ni mo bo ojú kámẹ́rà o. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde. Wọ́n á tún òrùka wọ̀."

Akọ̀wé ní ẹ̀ẹ̀kan lòfin ń so èèyàn pọ̀.

"Òfin tiyín ti parí, ọ̀gá. Tèmi ò tíì bẹ̀rẹ̀."

Ọmọ rẹ̀ dì í lápá mú. "Màámi, ẹ fẹ́ dójú tì wá."

"Ìhòòhò ni mo wà níwájú àwọn àjèjì lọ́jọ́ tí mo bí ẹ. Ìtìjú wo ló tún kù?"

Ó ki fíìmù tuntun bọ inú kámẹ́rà, ó fa tọkọtaya sábẹ́ gílóòbù, ó gbé kámẹ́rà lé ẹ̀yìn àga. Ó ní bí iná bá kéré, ojú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ là pẹ́. Kí wọ́n gbé òrùka dé àárín ìka, kí wọ́n sé èémí, ẹni bá mira ti ba tiẹ̀ jẹ́. Kódà àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ò mira. Ó tẹ̀ ẹ́, ó yí fíìmù, ó tún tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ rẹ̀ nu òógùn ojú. "Èyí náà ńkọ́, Màámi, tí ò bá jáde?"

Kí ìyá tó lanu, ìyàwó ti yíjú sí bàbá rẹ̀, òrùka ṣì wà láàárín ìka.

"Ẹ jókòó, Dádì. Tí ò bá jáde, a ó tún padà wá wọ̀ ọ́."