Ìwé Tí Kò Ní Èèpo

Ọmọ káfíńtà dìde níwájú kíláàsì, ó gbé ìwé kan sókè, ó sì sọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀ fún ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, obìnrin. Eruku igi kì í tán nínú irun rẹ̀, nítorí náà Eruku ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ìwé tí ó mú dání nípọn, ṣùgbọ́n kò ní èèpo mọ́. Ó ti ya dànù tipẹ́tipẹ́. Ìdí tí ó fi mú un nìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò rí àkọlé kankan lára rẹ̀.

Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí agogo ìsinmi tó lù, ọmọ mẹ́ta ni ó máa ń dìde láti sọ nípa ìwé tí wọ́n fẹ́ràn fún àwọn tó kù. Òfin Tíṣà kò pọ̀. Sọ ẹni tí ó wà nínú ìwé náà. Sọ ohun tí ó dé bá a. Dáhùn ìbéèrè mẹ́ta. Má sọ òpin. "Ẹni tó bá sọ òpin ti jẹ ẹran tán," ni Tíṣà máa ń wí, "egungun ló kù fún ẹlòmíràn." Lẹ́yìn náà ni kíláàsì yóò nawọ́ fún ìwé kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá pọ̀ jù, ẹni tí ó kọ́kọ́ nawọ́ ni yóò kọ́kọ́ gbé e lọ.

Ọmọ awakọ̀ ti ṣe tirẹ̀. "Ìwé yìí dára gan-an nítorí pé kò gùn," ni ó wí. "Mo kà á tán kí màmá mi tó fọ abọ́ tán." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó rí ọwọ́ mẹ́fà. Ọmọ nọ́ọ̀sì, ọmọbìnrin tí ó máa ń kàwé bí ẹni tí ebi ń pa, sọ̀rọ̀ nípa ọba kan tí kò rí oorun sùn. Ó rí ọwọ́ mọ́kànlá.

Eruku ṣí ìwé tirẹ̀ sí àárín. Ó wo ojú ewé náà, kò kà á.

"Ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀," ni ó wí. "Ó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ó máa ń lu ìyàwó ẹ̀."

Nǹkan kan ṣoṣo ni ó yí padà. Bàbá rẹ̀ kì í kan ọkọ̀ ojú omi. Ilẹ̀kùn, fèrèsé àti pósí ni ó ń kàn. Èyí tó kù, bí ó ti rí nílé ni ó ṣe sọ ọ́. Ó sọ bí ọkùnrin náà ṣe gbé apá ìyàwó rẹ̀ lé etí tábìlì iṣẹ́, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ títí egungun fi dún. Ó sọ bí obìnrin náà ṣe ń fi ọwọ́ kan dáná. Ó sọ pé ní alẹ́ àná, ó tún un ṣe kíákíá, ó ní ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin náà ní kí ìyàwó òun fara ti ògiri, kí ó dúró ṣánṣán. Ó fi téèpù wọ̀n ọ́n láti àtàrí dé gìgísẹ̀. Ó fi pẹ́ńsùlù kọ iye rẹ̀ sára ògiri. Lẹ́yìn náà ni ó mú ayùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ pákó.

Ọmọ nọ́ọ̀sì pa ìwé ọba tirẹ̀ dé.

Ìyá rẹ̀ ti mú un búra. "Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí, o ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹyin lohùn. Tó bá ti bọ́, kò ṣe é kó mọ́." Eruku búra. Ṣùgbọ́n a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ó ti rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́: ohun tí ó bá wà nínú ìwé kì í ṣe ohun tí ọmọ sọ, ìwé ni ó sọ ọ́. Bí òun bá sọ ọ́ dáadáa, Tíṣà yóò mọ̀. Tíṣà yóò sì rán ènìyàn lọ sí ilé wọn kí bàbá òun tó kan pósí náà tán lónìí.

Ọmọ awakọ̀ ni ó kọ́kọ́ béèrè. "Kí ló dé tí obìnrin yẹn ò sá lọ?"

"Ó ti sá lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ẹbí ẹ̀ ló mú un padà wá."

"Àwọn aládùúgbò ò gbọ́ ni?" ni ẹnìkan béèrè láti ẹ̀yìn.

"Wọ́n gbọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni."

Ọmọ nọ́ọ̀sì na ọwọ́. "Pákó yẹn, kí ló fẹ́ fi ṣe?"

"Pósí," ni Eruku wí. "Ó ní lónìí yìí ni òun máa..."

Tíṣà fi ìka lu tábìlì. "Ó tó. Òpin lo fẹ́ já sí yẹn."

"Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n..."

"Òfin ni. Ẹ nawọ́."

Ọwọ́ méjìlélọ́gbọ̀n. Wọ́n ń pariwo, wọ́n ń ti ara wọn. Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́, ohun tí kì í sábà ṣe, ó sì wí pé ìwé gidi nìyẹn. Ó kọ iye ọwọ́ náà sójú pátákó. Eruku ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń retí ọ̀rọ̀ mìíràn. Agogo lù.

Ọmọ nọ́ọ̀sì ni ó kọ́kọ́ nawọ́, òun ni ó gbé ìwé náà. Kò jẹun. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó kà á láti iwájú, ó tún kà á láti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni ó wá Eruku lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi.

"Oyin ló wà nínú ìwé yìí."

Eruku ń mu omi rẹ̀ lọ.

"Mo ní oyin ni! Bí wọ́n ṣe ń sin oyin, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkùnrin ọlọ́kọ̀ ojú omi dà?"

"Ka àárín."

"Mo ti ka àárín. Bí wọ́n ṣe ń fín èéfín sí ilé oyin ló wà láàárín."

Àwọn yòókù ti ń pé jọ. Ọmọ awakọ̀ ní bóyá oyin ti ta ọkùnrin náà pa kí òǹkàwé tó dé. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan sì sọ ọ́ di orin: "Eruku òpùrọ́! Eruku òpùrọ́!"

"Gbé ìwé yẹn fún mi," ni Eruku wí.

"Ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́. Ta ló kọ́ ẹ nírọ́ báyìí? Màmá ẹ, àbí?" ni ọmọ nọ́ọ̀sì wí.

Eruku já ìwé náà gbà, ó fi gbá a lẹ́nu. Eyín kan jáde. Ọmọ nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ bo ẹnu, ó wo ẹ̀jẹ̀ tí ó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì kọlù ú. Wọ́n jọ ṣubú sínú ẹrẹ̀. Eruku di irun rẹ̀ mú, ó ń gbá orí rẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì ìdí ẹ̀rọ náà. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu bí ó ti rọrùn tó. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà bí ẹni pé ó ti kọ́ ọ tipẹ́. Nígbà tí Tíṣà fi máa là wọ́n, ètè ọmọ nọ́ọ̀sì ti ya sí méjì, ewé ìwé náà sì ti fọ́n ká nínú omi.

Wọ́n gbé ọmọ nọ́ọ̀sì lọ bá ìyá rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Eruku dúró níwájú tábìlì Tíṣà.

"Irọ́ àti ìjà, láàárín wákàtí kan ṣoṣo. Kí ló ṣe ọ́?"

Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà. Àyè tí ó ń wá nìyí. Ó ya ẹnu, ó sì rántí ìbúra náà.

"Mi ò parọ́," ni ó wí.

"Oyin ló wà nínú ìwé, ìwọ ní ọkọ̀ ojú omi ni, síbẹ̀ o ò parọ́." Tíṣà fa bébà kan yọ. "Bàbá rẹ máa wá."

"Ẹ má pè é, Tíṣà. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ pe màmá mi."

"Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti jáde, bàbá là ń pè."

Káfíńtà dé, pẹ́ńsùlù wà ní ẹ̀bá etí rẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni níta. Ó tẹrí ba fún Tíṣà, bí ó tilẹ̀ jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ó tọrọ àforíjì, ó ní òun fúnra òun ni yóò lọ bẹ ìyá ọmọ tí wọ́n ṣe léṣe. Inú Tíṣà rọ̀.

"Ọmọ yín lẹ́bùn o, Ọ̀gá. Irọ́ tó pa yẹn, àgbà ò lè pa á. Ó ní ọkùnrin kan fi téèpù wọn ìyàwó ẹ̀ kó lè fi kan pósí."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. Ó mú pẹ́ńsùlù kúrò létí, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó sì kó o sápò. "Àwọn ọmọ ìwòyí," ni ó wí. Eruku rí i pé Tíṣà rí pẹ́ńsùlù tó ṣẹ́ náà. Tíṣà kò béèrè nǹkan kan.

Wọ́n gba ọ̀nà ilé. Káfíńtà di ọwọ́ rẹ̀ mú bí bàbá ṣe ń di ọwọ́ ọmọ mú, ó sì ń kí gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé. "Ẹ kú iṣẹ́ o." "Màmá, ẹ kú ọ̀sán." Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ó ti ọmọ náà wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó sì fi irin dábùú rẹ̀.

Pósí náà wà lórí tábìlì iṣẹ́. Ìdérí rẹ̀ nìkan ni kò tíì kàn. Ìyá Eruku ń fi ọwọ́ kan gbálẹ̀. Apá kejì wà nínú aṣọ tí nọ́ọ̀sì fi gbé e kọ́ ọ lọ́rùn.

"Ọmọ ẹ ti sọ ilé wa di ìwé," ni káfíńtà wí. "Tíṣà ti kà á. Gbogbo kíláàsì ló ti kà á."

Ìyá wo ọmọ. "Ṣé o sọ ọ́ ni?"

"Mi ò sọ ọ́, Màmá. Ìwé ni..."

Bàbá rẹ̀ gbá a létí kí ó tó parí rẹ̀. Ó ṣubú lu òkìtì pákó, ìṣó kan sì ya ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó gbójú sókè, bàbá rẹ̀ ti fún ìyá rẹ̀ lọ́rùn, ó ti ń gbé e lọ sórí tábìlì.

"Wọ inú ẹ̀. Ká wò ó bóyá mo wọ̀n ọ́n dáadáa."

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá ọmọ mi. Nítorí ọmọ."

"Nítorí ọmọ náà ni."

Ó tẹ̀ ẹ́ sínú pósí náà. Ó bá a mu gẹ́lẹ́. Eruku dìde, ó fi eyín mú ọwọ́ bàbá rẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi dé ahọ́n rẹ̀. Káfíńtà gbọ̀n ọ́n dànù, ó ta á nípàá níkùn, ọmọ náà sì lọ balẹ̀ ní ìdí ògiri. Káfíńtà ti mú òòlù àti ìṣó. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ń jà nínú pósí, ọkùnrin náà kò sì lè fi ọwọ́ kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó gbé òòlù lé etí pósí, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àyà ìyàwó rẹ̀.

Ọwọ́ kan ṣoṣo tí ó sàn lára ìyá Eruku jáde, ó wá òòlù náà, ó rí i. Ó gbé òòlù náà lu ẹ̀bátí ọkọ rẹ̀.

Kò dún púpọ̀. Káfíńtà kúnlẹ̀, lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ìyá Eruku yí ara rẹ̀ jáde, ó já bọ́ láti orí tábìlì, ó sì dìde pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ ń wò ó. "Ìwọ?" ni ó wí, bí ẹni tí ó yà lẹ́nu gidigidi. Obìnrin náà tún lù ú ní ojú kan náà. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó sílẹ̀, ó sì fi eyín tún aṣọ apá rẹ̀ so.

Wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn. Ọmọ nọ́ọ̀sì ti sọ ìtàn náà fún ìyá rẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ti ń rán ètè rẹ̀. Nọ́ọ̀sì yìí kan náà ni ó tọ́jú apá ìyá Eruku ní oṣù tó kọjá. Obìnrin náà sọ fún un pé orí àkàbà ni òun ti já bọ́. Nígbà tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ apá tí wọ́n tẹ̀ lé etí tábìlì, ó fi abẹ́rẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó sáré lọ pe Tíṣà, àwọn méjèèjì sì pe àwọn aládùúgbò. Eruku fa irin kúrò, ó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Nọ́ọ̀sì fi ìka méjì kan ọrùn káfíńtà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó fi aṣọ bò ó lójú.

Ọlọ́pàá méjì dé kí oòrùn tó wọ̀. Èyí àgbà nínú wọn lóṣòó níwájú Eruku.

"Kí lo rí?"

Ó sọ ọ́ fún un.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni màmá ẹ fi òòlù lù ú?"

Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́yìn ọlọ́pàá náà. Ó na ìka kan níwájú àyà rẹ̀, níbi tí ẹlòmíràn kò ti lè rí i. Eruku rí ìka náà. Ó sì rí ọlọ́pàá tí ó mú bírò dání, tí ó ń dúró de òun. Láti àárọ̀, ẹni tí yóò gba òun gbọ́ ni ó ń wá.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni, sà."

"Nígbà tó lù ú lẹ́ẹ̀kejì, ṣé ó ṣì wà lórí ìdúró?"

"Rárá, sà. Ó ti wà nílẹ̀."

Ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀.

Gbogbo ẹni tí Eruku fẹ́ kí ó wá ni ó ti wá. Tíṣà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn aládùúgbò kún ẹnu ọ̀nà. Ó ń wo bí àwọn ọlọ́pàá ṣe fara balẹ̀ gbé ìyá rẹ̀ dìde, tí wọ́n ń ṣọ́ apá tó ṣẹ́. Ìgbà tí ó rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni ohun tí ó sọ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Ọwọ́ kan ni wọ́n rí dè; wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ kejì há ọwọ́ ọlọ́pàá.

"Màmá, mi ò mọ̀ pé..."

"Ìbéèrè ni wọ́n bi ẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "O sì dáhùn."

Adájọ́ fún ìyá rẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n ọdún méje. Ó ní òòlù àkọ́kọ́ jẹ́ ìgbèjà ara ẹni. Ti ẹ̀ẹ̀kejì kì í ṣe bẹ́ẹ̀.