Dúró Ná

Káfíńtà ni ọkọ, aránṣọ ni ìyàwó. Àwọn méjèèjì jọ ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì nírọ̀lẹ́ ni, nínú yàrá kan tí àga rẹ̀ kéré bíi ti ọmọdé. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, olùkọ́ kọ "wait" sójú pátákó.

"Dúró ni," ó ní. "Ẹ lè ní kí èèyàn dúró de ọkọ̀, tàbí kó dúró de ẹlòmíràn. Tí ẹ bá fẹ́ kí ẹnì kan ní sùúrù díẹ̀, òun náà lẹ máa lò. Ó yá, kí kálukú fi ṣe gbólóhùn."

Ọ̀rọ̀ ẹnu káfíńtà gan-an nìyẹn. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ló ti ṣèlérí yàrá iwájú fún ìyàwó, pé ibẹ̀ ni yóò ti máa ránṣọ. Ẹ̀gbọ́n kó àpò sìmẹ́ǹtì kúnbẹ̀. Kí káfíńtà ní kó kó o kúrò, àyà rẹ̀ ò gbà á. Bí obìnrin bá sọ̀rọ̀, á ní, "Dúró ná, sùúrù ni baba ìwà." Ẹ̀rọ ìránṣọ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tonílé tàlejò ń kọ lù ú. Ọkùnrin tó ń la igi líle, kò lè wojú ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ìranù!

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, káfíńtà ò rí ẹ̀rọ yẹn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́. Ó rò pé wọ́n gbé e lọ tún ṣe ni. Kò béèrè.

Aránṣọ dìde. Ó rọra sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì: "Mo dúró de ọkọ mi títí. Mi ò ní dúró mọ́. Mò ń lọ sílé ìyá mi nírọ̀lẹ́ yìí."

Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Káfíńtà wolẹ̀. Àpò ńlá wà lábẹ́ àga ìyàwó rẹ̀. Aṣọ oníbàárà ni obìnrin pè é nígbà tí wọ́n ń bọ̀.

"Ọ̀gá káfíńtà, ó kàn yín," olùkọ́ wí.

Ó dìde. Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ: pé lónìí gan-an lòun yóò kojú ẹ̀gbọ́n. Kò rí i sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ká sòótọ́, kì bá lè sọ ọ́ lédè ìyá ẹ̀ pàápàá.

"Jọ̀ọ́," ó ní lédè Gẹ̀ẹ́sì, "dúró dè mí."

"Ó dáa gan-an," olùkọ́ wí. "Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀."

Aránṣọ fa àpò rẹ̀ jáde. "Olówó orí mi, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Ẹ ti kọ́ mi tipẹ́ kí olùkọ́ tó kọ́ wa."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Obìnrin jáde, ó pa ilẹ̀kùn dé. Káfíńtà ṣì wà lórí ìdúró, ó ń wojú olùkọ́, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n ní kó máa lọ.