Ìwé Inú Kọ́mú Màmá Fáìlì

Bí ẹ bá ń wá páswọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni nílé ìwòsàn wa, inú kọ́mú Màmá Fáìlì ni kí ẹ wò. Òun ló ń tọ́jú fáìlì àwọn aláìsàn, òun ló sì dàgbà jù nínú àwọn òṣìṣẹ́, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi kó tiwọn fún un tọ́jú. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan, ó tì í sí àyà, níbi tóun fúnra rẹ̀ sọ pé olè kankan ò tún ní yọjú sí mọ́ láéláé.

Àfi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí nọ́ọ̀sì kékeré wọ yàrá fáìlì, lẹ́tà lọ́wọ́, ojú wú.

"Màmá, wọ́n ní mo kọ oògùn mílígíráàmù àádọ́ta fún aláìsàn tó yẹ kó gba márùn-ún! Ọpẹ́lọpẹ́ apòògùn tó tètè rí i. Orúkọ mi ni kọ̀ǹpútà gbé jáde. Bí mi ò bá rí àlàyé ṣe dọ̀la, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ilé ni mo wà lọ́jọ́ yẹn!"

Màmá Fáìlì wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà náà. Ó rántí. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá dókítà sáré dé: "Màmá, kọ̀ǹpútà ti tì mí síta o. Ẹ fún mi ní ti ẹnikẹ́ni, kíá!" Òun náà tọwọ́ bọ àyà, ó ka ti ọmọ yìí jáde ketekete.

"Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ló ń kùn. "Èmi àgbàyà wà lọ́jà, ọwọ́ ara mi ni mo fi lọ́ ọ lọ́rùn."

Ó dìde. Orúnkún ké pàó, kò dá a lóhùn. Ọ̀dọ̀ Oníkọ̀ǹpútà ló gbà lọ, ọkùnrin tó ti ń pariwo láti ọjọ́ yìí pé kí kálukú fi páswọ́ọ̀dù tiẹ̀ pa mọ́.

"Ṣé ẹ̀rọ yín mọ yàrá téèyàn jókòó sí tó fi wọlé sórí kọ̀ǹpútà?"

"Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, Màmá."

"Tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi."

Ó rí bó ṣe rò ó: orúkọ nọ́ọ̀sì, yàrá ọ̀gá dókítà. Ó gbé bébà náà àti ìwé pélébé, tó ṣì ń gbóná, síwájú ọ̀gá.

"Dókítà, èmi ni mo ṣílẹ̀kùn, ẹ̀yin lẹ wọlé. Ọmọ yìí ò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ kọ lẹ́tà wa."

"Màmá, wọ́n lè lé yín o."

"Kí wọ́n lé mi. Ìdí ńlá báyìí, wọ́n á kọ́kọ́ wá kẹ̀kẹ́ tí wọ́n máa fi tì í jáde."

Ọ̀gá wo bébà títí. "Mo rò pé márùn-ún ni mo tẹ̀," ló sọ jẹ́jẹ́. Ó mú bírò.

Kó tó di ọ̀sán, àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn ti gba lẹ́tà ọwọ́ nọ́ọ̀sì padà. Màmá Fáìlì àti ọ̀gá ni wọ́n fún ní ìkìlọ̀. Oníkọ̀ǹpútà yí gbogbo ẹ̀rọ padà: kálukú yan tuntun, nọ́ńbà á wọ fóònù oníkálukú kí kọ̀ǹpútà tó ṣí fún un, ẹni tó bá sì ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó di títì.

Màmá Fáìlì gba ìwé rẹ̀ padà, ó fà á ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ó jókòó, ó tẹ tiẹ̀. Ó ṣì í. Ó tún un tẹ̀. Ó ṣì í. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kọ̀ǹpútà tì í síta.

"Màmá, ẹ kúkú lo tèmi," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Tìrẹ? Bó o bá dárúkọ ẹ̀ sí mi létí pẹ́nrẹ́n, mo máa gbá ẹ létí!" Ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa àga sún mọ́ ẹ̀rọ. "Oníkọ̀ǹpútà! Wá ṣí i fún mi. A ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀."