Ògiri Tí Bàbá Fọwọ́ Mọ

Bíríkìlà tó ń kọ́lé fún gbogbo ayé, ilé ìyá rẹ̀ ló ń tì í lójú. Ilé amọ̀ ni. Bàbá rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n kó tó kú, yàrá iwájú níbẹ̀ sì ni Màmá ní òun yóò ti lo ọjọ́ ogbó òun. Bíríkìlà ní kò burú, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò ní fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní sìmẹ́ǹtì lòun máa fi rẹ́ ẹ tinú-tòde.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ta kò ó. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ṣírò èéfín tí ṣíṣe ohun ìkọ́lé ti rú sójú ọ̀run kó tó dé ọwọ́ ẹni tó ń kọ́lé.

"Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká fi amọ̀ tún un rẹ́. Iná ńlá ni wọ́n fi ń sun òkúta kó tó di sìmẹ́ǹtì, oòrùn lásán ló sì gbẹ ògiri yìí. Amọ̀ ń mí o."

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ó ń mí? Ó kù kó máa hanrun nìyẹn!"

Ó rẹ́ ilé náà, ó dán gbinrin. Màmá fọwọ́ ra ògiri títí. Ọmọ rẹ̀ rò pé ìdùnnú ni.

Òjò ọdún kejì ló tú àṣírí. Omi tó ń fà gòkè láti ìpìlẹ̀, tí amọ̀ ti ń mí síta láti ọjọ́ pípẹ́, kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Ògiri ń dán lóde, ó ń jẹrà nínú. Nígbà tó lanu, tí bíríkìlà ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹrẹ̀ ló kó jáde. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Wọ́n kó Màmá lọ sílé àbúrò, bíríkìlà sì fọwọ́ ara rẹ̀ wó ògiri yàrá iwájú. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ó dùn ún wọ egungun.

Àbúrò rẹ̀ kò bú u. "Sìmẹ́ǹtì yẹn ti di pàǹtí, Bọ̀dá mi. Ṣùgbọ́n amọ̀ tó wó ṣì wúlò. Ẹ da omi sí i, ẹ tún un pò."

Bàbá ti fẹ́ kọ́ bíríkìlà níṣẹ́ amọ̀ yìí rí, ọmọ ló ní iṣẹ́ ayé àtijọ́ ni. Àfìgbà tó bọ́ bàtà, tó wọnú ẹrẹ̀. Ògiri àkọ́kọ́ sán, èkejì wọ́, ẹ̀kẹta ló tó dúró. Màmá kò sì yé pè é lórí fóònù: "Ògiri mi ńkọ́?"

"Ó ń gbẹ, Màámi."

Ọjọ́ tó gbẹ, bíríkìlà fà á lọ́wọ́ wọlé. Màmá ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ògiri náà lọ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ìgbèrí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń wá nǹkan níbẹ̀.

"Kí lẹ ń wá, Màámi?"

"Ojú ọwọ́ bàbá rẹ. Ibí yìí ló tẹ̀ ẹ́ sí lọ́jọ́ tó parí ilé. Mo máa ń gbọ́wọ́ lé e kí n tó sùn. Nígbà tí o rẹ́ ẹ pa, mo ní kò burú, ó ṣáà wà lábẹ́ rẹ̀."

Bíríkìlà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ti fẹsẹ̀ po ibẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ yòókù.