Orúkọ Tí Kì í Ti Ẹnu Àwáwù Jáde

Fún odidi ọdún méjìlélógún tí Àwáwù fi jẹ́ aya ní agbo ilé Ládòkun ní Ìpàpó, orúkọ ọkọ rẹ̀ kò ti ẹnu rẹ̀ jáde rí. Bàbá Àdìjátù ni ó ń pè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ àkọ́bí wọn lórúkọ. Kí ọmọ náà tó dé, "Ẹ gbọ́ ná" ni. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé e wọlé, pé ìyàwó tí ó bá la ẹnu pe orúkọ ọkọ, ó ti tú ọkọ náà síhòòhò lójú ọjà. Àwáwù gba ẹ̀kọ́ náà. Kò jẹ́ kí ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, àní lójú àlá.

Nítorí náà ni inú rẹ̀ kò ṣe dùn sí ìbéèrè tí Cornelius bi í nínú oṣù kejì ọdún 1981. Cornelius yìí, ará Òtu, ni tíṣà tí ó ń kọ́ àwọn àgbà ìlú ní ìwé lẹ́yìn ìrun àlàásárì. Ó kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dúró fún ọkùnrin sójú pátákó, ó kọ ti ìlú, ó kọ ti odò.

"Orúkọ àjọjẹ́ nìwọ̀nyí," ni ó wí. "Ẹ pe ọkùnrin lọ́jà, igba ènìyàn á bojú wẹ̀yìn. Lẹ́tà kékeré ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ àdájẹ́ wà, tí ó jẹ́ ti ẹnì kan tàbí ti ibì kan pàtó. Òun ni Gẹ̀ẹ́sì ń dé fìlà fún: lẹ́tà ńlá ni. Ìyá Àdìjátù, ẹ fún wa ní ọ̀kan. Kí ni orúkọ baálé yín?"

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi mí ní orúkọ odò."

"Baálé ni mo bèèrè, n kò bèèrè odò."

"Ṣé kí n wá torí Gẹ̀ẹ́sì tú ọkọ mi síhòòhò ni?"

Ẹ̀rín gba gbogbo kíláàsì. "Ẹ kọ ọ́ nígbà náà," ni Tíṣà wí. "Ọwọ́ kì í ṣe ẹnu."

Àwáwù rò ó títí. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀, ó kọ Ràsáàkì. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún kúrò, bí ẹni tí ó yára bo ọbẹ̀ nítorí eṣinṣin.

Ní ọjọ́ kẹta, ó gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ bá ọkọ rẹ̀ lóko. Ó ti tó ọdún méjì tí ojú Ràsáàkì ti ń ṣe bàìbàì. Ẹsẹ̀ ni ó fi mọ ọ̀nà oko rẹ̀, kì í ṣe ojú. Àwọn ọdẹ sì ti finá sí ìgbẹ́ láàárọ̀ láti lé ọ̀yà jáde, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì yí iná náà padà mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwáwù kò tíì dé oko tí eéfín fi pàdé rẹ̀. Ó gun àpáta ńlá tí ó wà lẹ́bàá oko wọn, níbi tí koríko kò ti lè hù, tí iná kò sì ní ohun tí yóò jẹ.

Láti òkè àpáta, ayé ti dà bí èyí tí ènìyàn ń rí lábẹ́ omi. Oòrùn pọ́n, ó rọ̀, ènìyàn lè tẹjú mọ́ ọn. Àwọn igi tí Àwáwù mọ̀ láti ọjọ́ tí ó ti di aya ń sọ orúkọ wọn nù lọ́kọ̀ọ̀kan: kò mọ èyí tí ó jẹ́ òrí mọ́, kò mọ èyí tí ó jẹ́ ayín, igi lásán ni gbogbo wọn, òjìji tí ń wá, òjìji tí ń lọ. Ọkọ rẹ̀ wà nínú eéfín náà níbì kan.

"Bàbá o!" ni ó ké. "Bàbá o!"

"Oo!" ni eéfín dá a lóhùn lápá òsì. "Oo!" lápá ọ̀tún. "Oo!" láti ọ̀nà jíjìn réré.

Àgbàlagbà kan kọ́kọ́ yọ, ó ń wúkọ́. Ògúndèjì ni òun, àgbẹ̀ ará ìlú Kómú. Àwọn méjì mìíràn tẹ̀ lé e, eérú bo orí wọn. Àwáwù wo ojú wọn: kò sí tirẹ̀ níbẹ̀.

"Bàbá Àdìjátù o!"

"Mò ń bọ̀ o!"

Ó sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ pàdé ohùn náà. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká ni ó bá.

"Ta ni yín?"

"Bàbá Àdìjátù ni. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ pè mí ni?"

"Bàbá Àdìjátù ti ibo?"

"Ti Kómú."

Ògúndèjì rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀. "Ìyàwó, o ti pe gbogbo bàbá Òkè-Ògùn tán. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni tìrẹ gan-an? Sọ orúkọ rẹ̀, kí a bá ọ pè é."

Àwáwù la ẹnu, ó pa á dé. Ó ṣa èédú kan nílẹ̀, ó kọ ọ́ sára àpáta gàdàgbà, lẹ́tà ńlá níwájú. Àwọn ọkùnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó.

"Ó dára púpọ̀," ni Ògúndèjì wí. "Ṣùgbọ́n a kò mọ̀wé."

Iná ti ń ké nítòsí báyìí, bí òjò tí ń bọ̀ lórí páànù. Àwáwù dìde, gbogbo wọn gun àpáta padà. Ó di ojú.

"Ràsáàkì! Ràsáàkì ọmọ Ládòkun o!"

Ohùn náà ṣe é ní àjèjì, bí ohùn ọmọge kan tí ó ti jókòó sínú rẹ̀ fún ọdún méjìlélógún láìfọhùn. Ìbínú ni ó sọ̀rọ̀ láti inú eéfín:

"Ta ni aláìlẹ́kọ̀ọ́ tí ń pe orúkọ mi bí ẹni ń pe ewúrẹ́ wálé?"

"Ràsáàkì!"

"Má kúrò níbẹ̀! Dúró dè mí!"

"Ràsáàkì!"

Bí ó ti ń pè ni ó ń bú, bí ó sì ti ń bú ni ó ń sún mọ́ ọn, títí ọ̀pá rẹ̀ fi kan ẹsẹ̀ àpáta kó. Ọwọ́ mẹ́rin fà á gòkè. Kò pẹ́ rárá tí iná fi dé, ó pín sí méjì ní ẹ̀gbẹ́ àpáta, ó sì kọjá lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ tutù díẹ̀, tọkọtaya náà forí lé ilé. Àwáwù ń lọ níwájú, Ràsáàkì di etí ìborùn rẹ̀ mú lẹ́yìn.

"Ẹ kò gbọ́ Bàbá Àdìjátù tí mò ń pè ni?"

"Mo gbọ́. Mo sì gbọ́ tí ẹnì kan jẹ́ ẹ. Mo ní wọ́n ti rí ẹni tí wọ́n ń wá." Wọ́n rìn díẹ̀. "Orúkọ kejì wá ńkọ́? Ta ni ó pè é?"

"Aya yín ni."

"Irọ́. Aya mi kò mọ orúkọ mi."

"Ó mọ̀ ọ́n, Bàbá Àdìjátù. Ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ."

Ràsáàkì ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé odò.

"Nínú àwọn lẹ́tà tí ó máa ń kà sókè nílé, irú èwo ni ó fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?"

"Lẹ́tà ńlá ni."

"Hẹn-ẹ́n," ni ó wí, ó sì tún etí ìborùn náà dì mú. "Ó yẹ bẹ́ẹ̀."