Àna Nínú Kànga

Kò sẹ́ni tó ń bá ọ̀tá gbẹ́ kànga. Ẹni tó wà nísàlẹ̀, ọwọ́ ẹni tó di okùn mú lókè ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Bí tòkè bá sín, tìsàlẹ̀ á gbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí Eku kò fi jẹ́ kí ẹlòmíì di okùn mú fún òun rí, àfi Ìdákọ̀ró, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. Eku kéré bí orúkọ rẹ̀, kò síhò tí kò lè wọ̀. Ìdákọ̀ró ní tiẹ̀ rí gbàǹgbà bí ilẹ̀kùn. Tó bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó di kí wọ́n wá wú u. Ọmọ ibí ni Ìdákọ̀ró. Òdìkejì odò ńlá ni wọ́n bí Eku sí.

Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo èèyàn dìbò, bóyá kí orílẹ̀-èdè pín tàbí kó má pín, ọ̀rọ̀ wọ àárín àna méjì yìí. Létí kànga, wọn kì í dá a sílẹ̀, èèwọ̀ iṣẹ́ wọn ni. Nídìí oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n ti ń fi gún ara wọn.

“Ilé tó fẹ̀ kọjá agbára onílé, ta ní ń gbá a?” Ìdákọ̀ró á ní. “Wọ́n jókòó sí olú-ìlú lọ́hùn-ún, wọn ò mọ̀ bóyá a jẹ, wọn ò mọ̀ bóyá a mu. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n rántí wa, ọmọ mi ni wọ́n wá kó lọ sógun. Kí ni wọ́n dá padà? Bàtà méjì. Tẹsẹ̀ òsì ni méjèèjì!”

Eku kì í yára fèsì sí ọ̀rọ̀ bàtà. Òun ló kọ́ ọmọ náà ní omi wíwẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bínú, ó tọ́ sí yín. Ṣùgbọ́n ṣé òdìkejì odò nìkan ni wọ́n ti ń bí ìkà ni? Tí ẹ bá pín tán, ẹ ó rí i pé wọ́n ti bí i sí palọ̀ yín. Àwọn ọmọ tèmi wá ńkọ́? Ṣé ká gé wọn sí méjì ni, kórí tẹ̀lé ìyá, kídìí tẹ̀lé bàbá?”

“Tiwa lorí tó pé yẹn lóòótọ́. Máa kó ìdí ẹ lọ.”

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí oúnjẹ á fi há Eku lọ́fun. Ìdákọ̀ró á wá nawọ́ gbá a lẹ́yìn. “Má dá mi lóhùn jàre. Ta ló bí wọn dáa, tó máa lé àna mi?”

“Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ nìlú, Ẹ̀gbọ́n.”

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa ka èsì, ẹ̀yìn ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ tán, nítòsí àbàtà, ni wọ́n wà. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń mí èémí tó ń pa èèyàn, tí ẹni tó ń kú kò ní mọ̀ pé òun ń kú. Oògùn rẹ̀ ni ẹ̀ka igi eléwé. Wọ́n á so ó mọ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́, tòkè á máa jù ú sísàlẹ̀, á máa gbọ̀n ọ́n, á máa fà á sókè, kí afẹ́fẹ́ lè máa yí. Bí Ìdákọ̀ró bá ti fa garawa iyẹ̀pẹ̀ kan, á gbọn ẹ̀ka.

Ariwo sọ ládùúgbò. Àwo ń dún, fèrè ọkọ̀ ń dún.

“Ẹ̀gbọ́n!” Ohùn Eku gòkè wá. “Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“A ti pín.”

Eku gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ṣé kí n jáde?”

“Jáde lọ síbo? Gbẹ́ ilẹ̀ ẹ. Ó ku díẹ̀ kómi ó dé.”

Omi ti dé ojú Ìdákọ̀ró alára. Bàtà méjì yẹn ló ń rò. Ó ní bó pẹ́ bó yá, ẹnìkan ti dáhùn fọ́mọ òun. Ó ṣì ń nu ojú nígbà tó rí wọn lójú ọ̀nà, Alápatà àdúgbò ló ṣíwájú, ọ̀bẹ iṣẹ́ ló mú dání, àwọn ọ̀dọ́ tó tẹ̀lé e mú igi.

“Ibo ni ará òdìkejì yẹn wà?” Alápatà ti ń kígbe láti òkèèrè.

Ìdákọ̀ró kò ronú. Ó fa okùn sókè wìrì, ó fa ẹ̀ka sókè. “Má dún o,” ló sọ sínú ihò. Ó wọ́ pákó mẹ́ta bo ẹnu kànga, ó jókòó lé e.

“Ó ti sá,” ó ní. “Láti ìdájí.”

“Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ kú oríire o! Orílẹ̀-èdè wa rèé! Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín ló rà á.”

Ó rò pé wọ́n á kọjá. Wọn ò kọjá. Oòrùn mú, pákó náà sì wà lábẹ́ ìbòòji. Alápatà jókòó tì í, àwọn yòókù jókòó, wọ́n ṣí ọtí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin. Ìdákọ̀ró ń bá wọn pàtẹ́wọ́. Lábẹ́ ìdí rẹ̀, ó gbọ́ ọ: ṣọ́bìrì ń lu ògiri kànga, kó, kó, kó. Etí kò lè gbọ́ ọ nínú orin yẹn. Egungun ìdí ló fi gbọ́ ọ. Bó bá sọ̀rọ̀, ọ̀bẹ ni. Bí kò bá sọ̀rọ̀, èémí ilẹ̀ ni. Ó ní kí wọ́n kọ orin yìí tán, wọ́n á lọ. Wọ́n kọ ọ́ tán, wọ́n dá òmíràn.

Kíkàn náà rọlẹ̀. Ó di ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà, kò sí mọ́.

“Ẹ dìde.”

“Bàbá, kí ló dé?”

“Àna mi ń bẹ lábẹ́ ìdí yín. Ẹ dìde!”

Orin dá. Alápatà wò ó bí ẹni ń wo wèrè. “Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dìbò fún ká pín?”

“Ọmọ mi ti kú. Èyí ò tíì kú. Dìde níbẹ̀!”

Wọ́n dìde. Ó wọ́ pákó kúrò, òórùn náà rú jáde, Alápatà tutọ́. “Ẹ fi í síbẹ̀. Kànga ti bá wa ṣe é.”

Ìdákọ̀ró ti ń so okùn mọ́ ìbàdí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sẹ́lòmíì tápá rẹ̀ lè ká okùn. Ó ki ìdí okùn bọ Alápatà lọ́wọ́. “Dì í mú. Tó bá wù ọ́, jù ú sílẹ̀, ká di méjì.”

Ó fa èémí kún àyà, ó sọ̀ kalẹ̀. Nínú òkùnkùn, ọwọ́ rẹ̀ kan orí Eku. Eku jókòó sínú ẹrẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ṣọ́bìrì wà lórí itan rẹ̀. Ìdákọ̀ró gbá a mọ́ra, ó fa okùn. Àwọn tòkè fà wọ́n. Kò mọ ìgbà tó dókè.

Nígbà tí ojú rẹ̀ là, àwọn ọ̀dọ́ ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Alápatà nìkan ló dúró, okùn ti bó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Eku nà sílẹ̀, kò mí.

“Níbo lẹ máa sin ín sí?” Alápatà bi í jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. “Wọ́n ti ti afárá odò.”

Ìdákọ̀ró kọjú sójú ọ̀nà. Àbúrò rẹ̀ ló ń wò, tó ń sáré bọ̀ láìwọ bàtà. Ìyàwó agbẹ́kànga ni. Kò nílò kí wọ́n ròyìn iṣẹ́ fún un. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó wo ẹ̀ka igi tí wọ́n jù sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ewé rẹ̀ ti ń rọ. Ó wo pákó mẹ́ta.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “ta ló bo kànga?”

“Èmi ni,” Ìdákọ̀ró ní.